Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ààrẹ Kọmíṣọ́ọ̀nù ECOWAS: Ẹ̀tọ́ Tí Ẹ Fún Wa Lọ́dún 1979, Owó La Fi Ń Rà Á ní Bodè

Sí Ààrẹ Kọmíṣọ́ọ̀nù ECOWAS,
Àbújá.

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Olùkọ́ ìtàn ni mí ní Abẹ́òkúta. Nígbà ìsinmi, mo máa ń kó àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dàgbà díẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì. A ó gba Èkó, a ó gba Bàdágìrì, a ó wọ Bẹ̀nẹ̀, a ó sì lọ sí Tógò àti Gánà, kí ojú wọn lè rí ibi tí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé ti ṣẹlẹ̀. Láti Èkó dé Accra kò tó 500 kìlómítà. Bodè mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà yẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní bodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹjọ́ tí mo gbé wá, mo sì gbé e wá síta gbangba kí awakọ̀, alájàpá, ọmọléèwé àti òbí tó ń wá owó ìrìnàjò fọ́mọ lè bá mi dá sí i.

1. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ojú rere la ń tọrọ, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tún fọwọ́ sí àdéhùn lórí lílọ bíbọ̀ aráàlú. Ohun tó wà níbẹ̀ ṣe kedere. Ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí nínú àjọ yìí, tó bá ti ní ìwé ìrìnnà tó péye àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, lè wọ orílẹ̀-èdè yòókù láìgba físà, kó sì lo tó 90 ọjọ́ níbẹ̀. N kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí èèyàn ká owó sínú páásípọ́ọ̀tù kó tó nà án síni.

2. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ní ọ̀kan nínú àwọn bodè wọ̀nyí (n kò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn méjì yòókù kò sàn jù ú lọ), ọmọkùnrin kan tó wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù wá bá wa nínú bọ́ọ̀sì. Kò wọ aṣọ ìjọba, kò fi káàdì iṣẹ́ kọ́rùn. Òun ló gba páásípọ́ọ̀tù gbogbo wa. Ó ń ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pín wọn sọ́nà méjì: èyí ti gba sítáǹpù rí, èyí kò tíì gbà á rí. Ó fi rọ́bà de ìdì kọ̀ọ̀kan, ó sì dá iye lé e. Ìdì àwọn tí kò tíì gba sítáǹpù rí ni owó rẹ̀ wọ́n jù. Ẹ ò gbọ́ nǹkan bí? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba páásípọ́ọ̀tù, tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mìíràn nìyí, òun ni wọ́n ní kó san jù, torí pé kò tíì rìn rí.

Màmá kan wà láàárín wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Màmá bèèrè orúkọ owó náà.

"Màmá, owó sítáǹpù ni."

"Ṣé ìjọba kọ́ ló ni sítáǹpù ni?"

"Ìjọba náà ló ni ín, Màmá."

"Rìsíìtì ìjọba dà?"

Ọmọkùnrin náà wo Màmá, ó wo awakọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ yín pẹ́ síbí o. Oòrùn ń mú."

Ọkọ̀ wa pẹ́ síbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó yá, ẹni tó wọ aṣọ ìjọba gan-an jáde wá. Àwa rò pé ó fẹ́ gbà wá sílẹ̀ ni, àṣé káàdì abẹ́rẹ́ ló fẹ́ rí. Ó ní ti ọmọ méjì nínú wa ní àléébù. A ní kó fi àléébù náà hàn wá, kò fi hàn. A san owó, àléébù pòórá. Òyìnbó kan tó gbé báàgì kọ́yìn, tó ń rìn kiri ilẹ̀ Áfíríkà, wà lórí ìlà lẹ́yìn wa. Wọ́n tẹ sítáǹpù sí tirẹ̀, wọ́n bá a ṣàwàdà, wọ́n ní kó máa lọ ire. N kò bínú sí òyìnbó náà. Àlejò ni, ó sì yẹ ká ṣe àlejò dáadáa. Àwa tí àdéhùn 1979 wà fún wá ńkọ́?

Tí èèyàn bá sì ti bodè kúrò, kò tíì bọ́. Okùn ni wọ́n ń fà dí ojú ọ̀nà, níbòmíràn pákó tí wọ́n gbá ìṣó mọ́. Ẹni tó di okùn mú yóò kọ́kọ́ kí yín kú ìrìn, yóò wá bèèrè bóyá ẹ ò ní rántí òun. Awakọ̀ wa kì í tilẹ̀ dúró gbọ́ ìyẹn mọ́. Owó ti wà ní kíká ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó tó débẹ̀. Inú owó ọkọ̀ tí a san ló ti ń yọ ọ́, nítorí náà, òbí tó jókòó sí Abẹ́òkúta, tí kò mọ bí bodè ṣe rí, òun gan-an ló ń san án.

3. Ẹnìkan lè ní owó kékeré ni, kí ló dé tí olùkọ́ yìí ń pariwo? Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà lójú ọ̀nà náà, tí owó kékeré yìí ń lé àwọn èèyàn sẹ́yìn kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn àwọn Àgùdà nìkan, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá dìde ogun sí àwọn tó kó wọn lẹ́rú ní Bàhíà, ní Brazil. Ogun náà kò bọ́ sí i fún wọn. Ìjọba ibẹ̀ fojú àwọn aláwọ̀ dúdú rí màbo lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn tó ti ra ara wọn sílẹ̀ sì fúnra wọn sanwó ọkọ̀. Wọ́n sọ̀ sí Èkó, wọ́n sọ̀ sí Àjàṣẹ́ àti Wídà tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, àwọn kan sọ̀ sí Accra. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n bá dé: bíríkìlà, kápẹ́ńtà, télọ̀. Ẹni tó bá dúró níwájú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 1894, iṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà ló ń wò. Tó bá wá kọjá sí Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó sọ di Porto-Novo, yóò bá mọ́ṣáláṣí ńlá kan níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ dà bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, tòun ti ọnà símẹ́ńtì lára ògiri àti ọ̀dà aláràbarà. Àwọn tó kọ́ ọ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, torí pé òun ni iṣẹ́ tí àwọn baba wọn kọ́ lóko ẹrú. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ kọ́ ilé Ọlọ́run tiwọn, ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni wọ́n ṣe.

Ọmọ kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró síwájú mọ́ṣáláṣí náà, ó ní, "Sà, ẹ ní mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì lẹ mú wa wá." Mo ti ń kọ́ni ní ìtàn òwò ẹrú ó pẹ́, kò sì sí ohun tí mo kọ sójú pátákó rí tó mú wọn bèèrè ìbéèrè tó tó ti ọjọ́ yẹn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá da Silva ti Àjàṣẹ́ àti da Silva ti Pópó Àgùdà l'Ékòó bára wọn tan. Wọ́n fẹ́ mọ irú èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Nígbà tí a sì dé James Town ní Accra, tí wọ́n rí Brazil House, tí wọ́n gbọ́ nípa àwọn Tabom tí wọ́n ti Brazil dé tí àwọn Gã gbà wọ́n mọ́ra títí wọ́n fi di ọmọ onílùú, kò sẹ́ni tó tún ní láti ṣàlàyé fún wọn pé ìtàn kan náà ló na ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́rin. N kò lè fi fídíò YouTube ṣe ìyẹn. Mo ti gbìyànjú, wọ́n sùn.

Wídà náà ń bẹ níbẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ rin ọ̀nà bíi kìlómítà mẹ́rin tí wọ́n fi ń kó ẹrú láti àárín ìlú lọ sí etíkun. Elmina ń bẹ ní Gánà, ilé olódi tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482. Ọdún 1979 ni UNESCO kọ orúkọ àwọn ilé olódi Gánà sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé, ọdún kan náà tí ẹ fún wa ní ẹ̀tọ́ láti lọ wò wọ́n.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Abomey, olú ìlú ọba Dàhòmì àtijọ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun 26 padà fún Bẹ̀nẹ̀ nínú ìṣúra ààfin Abomey tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó lọ ní 1892. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pàtẹ wọn fún aráàlú ní Kùtọnu. Láti Èkó dé Kùtọnu kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ, ká lọ ká bọ̀, bí ọ̀nà bá já gaara. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n fẹ́ lọ ṣírò owó bodè mọ́ owó ọkọ̀, wọ́n bá jókòó sílé. Àwọn ère ti Paris dé, àwa tó wà nítòsí kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

4. Kétu. Ìlú Aláàkétu, tó ti Ifẹ̀ ṣẹ̀ wá, Bẹ̀nẹ̀ ló wà lónìí. Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá tó bá a tan, ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fa ìlà gbọọrọ sórí àwòrán ilẹ̀. Kò sí ọmọ Kétu kankan lórí ìjókòó. Ahoro tilẹ̀ ni Kétu nígbà náà, torí ogun Dàhòmì ti kó o ní 1886. Àwọn ọmọ Kétu tí wọ́n ti tà sí Brazil ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n fi orúkọ ìlú wọn sílẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn kan nínú àwọn onísìn Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tó wà ní Bàhíà, fi ń pe ara wọn ní Kétu títí di òní.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá ńkọ́? Ọdún 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀, ó sì wọ ìwé àjogúnbá ní 2008, tòun ti orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lórí ìwé kan náà. Ìjọba mẹ́ta jọ ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n ní bodè kan, ojú mi ló ṣe tí wọ́n ní kí bàbá àgbàlagbà kan tú àpò gàrí tó gbé lé èjìká. Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ó fi ìró àtijọ́ wé e. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò, wọ́n kàn án ní ìka lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ní ọjà ni, kó san owó ẹrù. Bàbá ní òde ni òun ń gbé e lọ, òun kò tà á. Wọ́n ní kó ṣáà san nǹkan. Ó san án. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wé ìró náà padà, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.

5. Mo mọ̀ pé ẹ ti ṣe àwọn nǹkan kan, n kò ní purọ́ mọ́ yín. Bodè àjùmọ̀lò tí ẹ kọ́ sí Sẹ̀mẹ̀-Kraké, láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ilé gidi ni. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára: kí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì wà nínú ilé kan, kí arìnrìnàjò dúró lẹ́ẹ̀kan péré. Ọdún kan kò tíì pé tí Nàìjíríà fi ti bodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ìrẹsì ni wọ́n ní àwọn ń lé. Ẹ̀yin àti èmi mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ìrẹsì.

Kì í sì ṣe Nàìjíríà nìkan, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, Gánà ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé kó jáde, àwọn òbí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Èjìgbò fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́jà Kumasi. Ní 1983, Nàìjíríà san án padà fáwọn ọmọ Gánà, báyìí ni báàgì Ghana-Must-Go ṣe gba orúkọ. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn Dakar nígbà náà. Bí ìjọba bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ń wo ìwé yín. Síbẹ̀, ẹ lọ sí Èjìgbò lónìí, ẹ ó gbọ́ Faransé lójú títì, torí pé ọ̀nà Abidjan ní Ivory Coast kò parun láàárín àwọn èèyàn yẹn. Àwọn ló ń gbé ECOWAS ró, kì í ṣe ìpàdé òtẹ́ẹ̀lì.

6. Ti owó ná, n kò ní gùn ún: náírà, sẹ̀fà àti sídì la máa ń ṣẹ́ láàárín Èkó sí Accra, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ orúkọ eco, owó kan ṣoṣo tí wọ́n ní a ó jọ máa ná. Ti Mali, Burkina Faso àti Niger, tí wọ́n jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ẹ ṣe dáadáa bí ẹ ṣe ní kí a ṣì máa gba páásípọ́ọ̀tù wọn wọlé. Djenné àti Timbuktu ní Mali ṣì wà nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ni. Ogun ló dí ọ̀nà ibẹ̀, n kò lè di ìyẹn rù yín. Ọ̀nà Èkó sí Accra kò ní ogun. Okùn ló ní.

7. Ohun tí mò ń béèrè nìyí.

Kí pátákó wà ní gbogbo bodè, kó tóbi débi tí ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì yóò fi lè kà á, kí wọ́n kọ gbogbo owó tó bófin mu sí i àti iye rẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí owó, kí wọ́n kọ ọ̀fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí ni èdè àjọ yín, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, Gùn, Ewe àti Hausa pẹ̀lú, torí àwọn èdè tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Ẹni tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, tí kò ní káàdì, kó má fọwọ́ kan páásípọ́ọ̀tù ẹnikẹ́ni. N kò rò pé èyí nílò ìpàdé.

Kí ìwé kan wà fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: iléèwé yóò kọ orúkọ gbogbo ọmọ sí i, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò sì tẹ sítáǹpù kan ṣoṣo lé e ní bodè kọ̀ọ̀kan. Èyí ló jẹ mí lógún jù. Owó páásípọ́ọ̀tù ọmọ kan ju owó iléèwé rẹ̀ fún táàmù kan lọ ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ olówó nìkan ló ń bá mi dé Àjàṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó mọ ìtàn jù nínú kíláàsì mi, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ ní Ìtòkú, kò tíì kọjá Bàdágìrì.

Kí àwọn ará Ìlárá, Ìdí-Ìrókò, Ṣakẹ́tẹ́ àti Kétu ní káàdì tí wọ́n lè fi sọdá lọ ṣòkú, lọ ṣègbéyàwó, lọ sódún, kí wọ́n sì padà wálé láìsanwó. Kí wọ́n kọ ère, aṣọ egúngún, ìlù àti orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pé wọn kì í ṣe ọjà.

Kí nọ́ńbà fóònù kan wà tí èèyàn yóò gbé dáhùn lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, torí ọjọ́ náà là ń rìn. Kí ẹ sì máa gbé ìròyìn jáde lọ́dọọdún: iye ẹjọ́ tó wọlé, bodè tó ti wá, àti ohun tí ẹ fi ẹni tó jẹ̀bi ṣe.

Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ ti bodè pa nítorí ẹrù, kó ti ti ẹrù. Kó fi ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀.

Ìsinmi oṣù Kejìlá la tún fẹ́ lọ. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín ní gbangba bóyá ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe, torí àwọn òbí ti ń bi mí ní iye tí wọn yóò san, n kò sì fẹ́ ka owó okùn mọ́ ọn lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìtàn kan, Abẹ́òkúta.